Lékeléke Tí Ìyàwó Mi Kò Rí Yà

Fóònù ìyàwó mi ni mo fi ń ya ẹyẹ. Ojú rẹ̀ ti sán díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ti ń gbé e kọ́rùn, tí mo bá ń rìn jáde láàárọ̀ láti Òkòkòmáìkò lọ sí ẹ̀yìn Ìbà, níbi tí ilé ti tán, tí àbàtà àti koríko ti bẹ̀rẹ̀.

Òun ló mọ ọ̀nà náà kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, tí mo wá ń jókòó sójú kan ṣáá, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹyẹ." Mo ní ẹyẹ wo ló kù ní Èkó. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi ẹ̀lúlùú hàn mí nínú koríko. Ó fi ẹga hàn mí lórí ọ̀pẹ tó wà nítòsí yunifásítì, tí wọ́n ń pariwo bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn ò wá. Ó ya gbogbo wọn. Wọ́n ṣì wà nínú fóònù yìí.

Ohun kan ṣoṣo ni kò rí yà: lékeléke tó ń fò. Tí wọ́n bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn màlúù, á yà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí agbo wọn bá ti gbéra, tí wọ́n gba orí wa kọjá, á ti fi fóònù sílẹ̀, á máa fi èékánná ọwọ́ kan ra tìkejì, á máa tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ wọn bí a ti máa ń ṣe ní kékeré. Kó tó rántí fóònù, wọ́n ti dé ọ̀nà Ọ̀jọ́.

Mo máa ń bi í pé, "Ìyá arúgbó, kí lo tún fẹ́ fi èékánná funfun ṣe?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọ̀la ni mo máa yà á."

Àìsàn ò jẹ́ kí ọ̀la náà dé. Mo wá pinnu pé èmi ni n óò yà á, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ̀ ní pálọ̀.

Ìyá kan, ará Ìlaròó, ń gbin ẹ̀fọ́ létí àbàtà náà. Bàbá Ẹlẹ́yẹ ló ń pè mí.

"Bàbá Ẹlẹ́yẹ, ẹ ò tíì rí i mú?"

"Fọ́tò ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹran."

"Ẹyẹ ò ní dúró kí ẹ tó wọ gíláàsì tán o."

Òun, ọkùnrin tó ń da màlúù, àwọn obìnrin tó ń gé koríko, mo mọ orúkọ gbogbo wọn. N ò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n mo máa ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà mi. Àwọn ni kò jẹ́ kí ilé pa mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, lékeléke gbéra. Mo ti gbé fóònù sókè, wọ́n ti wà nínú rẹ̀, funfun báláú. Ìyá náà bá ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi èékánná ra èékánná.

"Bàbá Ẹlẹ́yẹ, ẹ tọrọ tiyín!"

N ò mọ ìgbà tí mo fi fóònù sílẹ̀. Ó ń mì lọ́rùn mi, tí ọwọ́ mi wà lókè bíi ti ọmọdé, tí mò ń tọrọ. Agbo náà kọjá tán.

"Ṣé ẹ yà á?"

"N ò yà á."

Ó fà mí lọ́wọ́, ó wo ìka mi. Àmì funfun kékeré kan wà ní èékánná àtàǹpàkò mi. Bóyá ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, n ò lè sọ.

"Wọ́n kúkú fún yín," ó ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù náà, tó fi ọ̀nà yìí hàn mí kó tó lọ. Ìyá náà já tẹ̀tẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó bi mí bóyá n óò tún wá.

"Ọ̀la," mo ní. "Ọ̀la ni mo máa yà á."