Ọjọ́ Tí A Gbé Háì Tébù Lọ Sétí Odò

Ìyá mi kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ìgbà tí wọ́n wá ní kí a mú àwọn lọ wo odò, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká wọn lára. Dókítà ti sọ pé ojú wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ abẹ ò sì lè dá èyí tó ti lọ padà. Wọ́n ṣì ń ríran lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá ti wọ̀, àfi ká fà wọ́n lọ́wọ́. Etí odò yẹn ni ìyá tó bí wọn ti máa ń fọṣọ, kí ìjọba tó sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ nítorí ògiri ìlú àtijọ́ tó wà níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ n rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó lọ tán," ni wọ́n wí.

Ohun tí ọkọ̀ kan àti ìgò omi méjì ì bá ṣe, àwa sọ ọ́ di àpéjọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àdúgbò Under G ló ń gbé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ó ń tún fóònù ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní àwọn ọ̀làjú kì í lọ síbẹ̀ kí wọ́n padà lọ́jọ́ kan náà, inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn. Ó ra àgọ́ méjì. Mo na ara nínú èyí tó tóbi jù, ẹsẹ̀ mi yọ síta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Akẹ̀sán, tó tún jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, ní òun ò ní sùn níbẹ̀ láìwọ́n omi àdúrà sí àgọ́, torí a ò mọ ẹni tó kú sí ìlú àtijọ́ yẹn. Ó wọ́n ọn títí ilẹ̀ inú àgọ́ fi rin gbingbin. Àbúrò ìyá mi, Alájì wa l'Ọ́yọ̀ọ́, fi fóònù pè mí, wọ́n ń bèèrè ibi tí ẹnu àgọ́ máa kọjú sí, kí àwọn lè mọ bí àwọn ṣe máa kírun.

Ẹ má rò pé èmi gbọ́n jù wọ́n lọ o. Olùkọ́ ni mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, àmọ́ tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, olùdarí ètò ni mí, mo sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Nílẹ̀ tiwa, bí èèyàn mẹ́ta bá ti jókòó pọ̀, ọ̀kan ní láti jẹ́ alága, èkejì á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjì tó kù. Bí a ò bá ṣe é, wọ́n á ní a fojú di àwọn. La bá di kánópì, jẹnẹrétọ̀, kúlà mẹ́rin, tábìlì gígùn kan, àga onírọ́bà, àti máíkì mi sínú ọkọ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la débẹ̀. Gáàdì ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ sí ọ̀nà odò, ó ní kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìyá mi ti mú ọ̀pá wọn. "Ó yá, ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́." Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, Alájì tó jẹ́ alága ò tíì dé. Ibẹ̀ náà la ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn, a fi wọ́n jókòó sáàárín háì tébù, kí gbogbo ẹbí lè máa rí wọn. Odò wá wà lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́kanrí ni Alájì tó dé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣíde ojú ìwé mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Wọ́n tú ìtàn ìlú, wọ́n fi ara wọn sí ìdílé ọba, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó de gbogbo ẹ̀mí inú omi mọ́lẹ̀. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, á ti sá lọ. Kí àdúrà má baà jẹ́ ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo, Alájì tún gba máíkì.

Ìyá mi fà mí láṣọ jẹ́ẹ́. "Ọmọ mi, odò yẹn ńkọ́?"

Mo gbé ẹnu sí máíkì. "Màámi ń bèèrè odò o! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màámi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Títí dòní, tí mo bá rántí pàtẹ́wọ́ yẹn, inú ara mi ń bí mi.

Oúnjẹ dé. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó di fọ́tò: àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, àwọn ìyàwó ilé, gbogbo wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyá mi láàárín gbogbo ẹ̀. Àgọ́ kan wó lu àbúrò mi, a tún fi ìyẹn ṣẹ̀rín, a sì gbà pé a ò ní sùn níbẹ̀ mọ́. Ìyá mi ò bèèrè mọ́. Wọ́n gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá, wọ́n ń wo iwájú. Ìgbà tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn tán, títí kan gáàdì, oòrùn ti wọ̀.

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni lóòótọ́. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n gbójú sókè síbi tí odò ò sí.

"Ṣé odò nìyí, àbí ẹ bu omi sínú báàfù fún mi?"

"Odò ni, Màámi."

"Ó dáa. Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Ilẹ̀ ti ń ṣú, omi ti dúdú, èmi náà ò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀, mi ò yíjú wo odò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.