Mọ́tò Oníbátìrì Tí Ọkọ Mi Ṣe ní Agbassa

Nígbà tí à ń gbé ní Agbassa, ní Warri, òórùn ásíìdì bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó máa ń ta ènìyàn nímú, ásíìdì náà sì ti jó gbogbo ṣòkòtò ọkọ mi níhòníhò. Bátìrì mọ́tò ló ń tún ṣe. Ìwé àtijọ́ kan ló kó sí i lórí: ó kà níbẹ̀ pé kí mọ́tò elépo tó gbòde, mọ́tò oníbátìrì ti wà nílùú òyìnbó. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò ní èéfín, wọn kì í sì í fọwọ́ yí irin kó tó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí epo wá pọ̀, tí mọ́tò elépo náà kò gba yíyí mọ́, ni wọ́n pa á tì. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ìtàn yìí, èmi a sì máa ṣa ẹ̀wà mi lọ. Ó ra òkú mọ́tò ìjàpá kan, ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀, ó to bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù sẹ́yìn rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo búra pé n kò ní jókòó sínú rẹ̀ láé.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà rántí bí Warri ṣe rí lákòókò ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìbọn ń dún, gbogbo ilé epo ti tì, kò sí ọ̀kadà kankan níta. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń gbóná bí ààrò, gìrì sì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi wò mí, ó lọ ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀. Mo gbé ọmọ wọnú rẹ̀.

Mọ́tò náà kò dún rárá. Mo ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí gúlegúle, mo sì ń kà á. Ní oríta kan, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn ti fi táyà dí ọ̀nà. Ọ̀kan mú rọ́bà wá láti fa epo wa. Kò rí ibi tí epo wà, ló bá ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó rí wáyà àti bátìrì.

"Na bomb o!"

Wọ́n sá sẹ́yìn, wọ́n na ìbọn sí wa. Ọkọ mi la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. N kò mọ ìgbà tí tèmi là.

"My brother, no be bomb. Na battery dey drive am. Before petrol moto come, na so oyinbo women dey drive. Smoke no dey, you no go crank am." Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí bí wọ́n ṣe pa á tì. "Abeg, my pikin dey sick. Touch am."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbọ́wọ́ lé ọmọ níwájú orí, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Madam, carry your pikin dey go."

A dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí ọmọ lára. Lọ́sàn-án, ó ní òun fẹ́ mu omi. Orí bẹ́ǹṣì ìta ni ọkọ mi ti bi mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an: "Ṣé o ń gbọ́ mi látọjọ́ yìí ni?" Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Ọmọ náà ti bímọ tirẹ̀ báyìí. Àwọn ènìyàn rò pé ìbọn yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ìbéèrè ọkọ mi ni. Ọkùnrin tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí, ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti la ẹnu, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń gbé e sílẹ̀.