Ìgbà tí Daddy Honourable sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú

Adrian, ọkọ ìyàwó, ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, imú rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì, nígbà tí Daddy Honourable gbá ọmọrogùn mọ́ tábìlì, tó ní, "Ilé dákẹ́! Mo ní ìbéèrè fún witness yìí."

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ẹwàọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nìyẹn, ní fúláàtì wọn ní South Thamesmead. Ẹbí ọkọ ìyàwó ti kún pálọ̀. Ó kù kí bàbá ìyàwó sọ pé "a ti gbà," kí wọ́n jẹun. Láti àárọ̀ ni Ẹwàọlá ti ń retí wàhálà, torí ó mọ bàbá rẹ̀.

"Young man, bí ara ìyàwó rẹ ò bá yá lójijì, tí kò sí bọ́ọ̀sì, tí kò sí rélùwéè, tí mọ́tò ò lè jáde, báwo lo ṣe máa gbé e dé ọsibítù ní Woolwich?"

Adrian, tí wọ́n bí sí London níbí, gbórí sókè díẹ̀. "Erm, Daddy, I'll just check Google Maps."

"Witness ò tíì múra! A sún ìjókòó yìí di Saturday, ọ̀sẹ̀ méjì òní." Ó tún gbá ọmọrogùn mọ́ tábìlì. Ẹbí ọkọ bu ìrẹsì wọn sínú ike, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ má bínú sí bàbá náà. Japheth Ọlátẹ̀jú ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Nílé lọ́hùn-ún, ó ti ṣe ṣọ́jà, ó ti ṣe lọ́yà, ó sì ti jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé London, iṣẹ́ sikiọ́ríìtì ló rí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Belvedere. Dírẹ́bà tó bá wá gbé ẹrù, á kọ́kọ́ ní kó state full name and mission. Àwọn dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Your Honour. Ó sì ń dá wọn lóhùn.

Tilé ló le jù. Nígbà tí fíríìjì bàjẹ́, Mummy Juliana, ìyàwó rẹ̀, ní kí àwọn ra tuntun. Daddy ní àfi kí ilé ka àbá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n tó kà á dé ẹ̀ẹ̀kẹta, òórùn ẹja ti dé Abbey Wood.

"Honourable," ni Mummy wí, "ẹ jẹ́ kí ẹja yìí náà wá dìbò."

Ṣùgbọ́n ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yìí ò pa Ẹwàọlá lẹ́rìn-ín. Ẹbí Adrian ti ń bèèrè bóyá kóòtù ni wọ́n pe àwọn wá. Adrian fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbé fóònù mọ́. Dókítà sì ti kìlọ̀ nípa ọkàn Daddy, bí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta.

"Daddy, ẹ ṣáà sọ pé ẹ gbà! Ṣé ẹ fẹ́ kó sá lọ ni?"

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́jọ́ tí snow dí gbogbo ọ̀nà, tí asthma gbé ẹ ní kékeré, ta ló pọ̀n ẹ́ láti ibí dé Woolwich?"

"Ẹ̀yin ni, Daddy."

"Ó dáa. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó máa gba duty lọ́wọ́ mi."

Kí Saturday náà tó pé, ọkàn Daddy dáṣẹ́ sílẹ̀, Daddy sì dolóògbé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n sún ètò náà síwájú. Mummy Juliana kọ̀ jálẹ̀. "Honourable ló dá ọjọ́. Ta ni mí tí màá yí i padà?"

Wọ́n jókòó pẹ̀lú aṣọ dúdú. Ẹbí ọkọ ti dé, Adrian ò sí níbẹ̀, fóònù rẹ̀ ò sì lọ. Ẹwàọlá ń wo ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti sá lọ.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Adrian wọlé, òógùn bò ó, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó fi ọ̀já pọn odindi àpò ìrẹsì kan sẹ́yìn. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára bo ẹnu. Adrian dọ̀bálẹ̀ níwájú àga Daddy tó ṣófo, tòun ti ìrẹsì.

"Daddy, mo ti rìn ín. Láti ibí dé hospital, then back, by the canal. No map. Ó wúwo gan-an, but mi ò gbé e sílẹ̀."

Mummy Juliana mú ọmọrogùn. "Ẹni tó bá gbà, kó ní aye, bíi ti ilé aṣòfin."

"Aye!" ni gbogbo ilé pariwo, títí kan àwọn tó máa ń fi Daddy rẹ́rìn-ín. Ti Ẹwàọlá ló dé kẹ́yìn, nínú ẹkún.

Mummy gbá ọmọrogùn mọ́ tábìlì pẹ̀lẹ́, ó wá kọjú sí àga náà. "Honourable, ẹ lọ sinmi. Wọ́n ti gba duty."