Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Gé Ẹ̀yìn Ìwé

Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgéwèé náà sọ̀ kalẹ̀ gbàmù, ìyá mi sì figbe ta. Mo sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi, mo rò pé ó ti gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ pé. Ìwé ló gé. Dípò kó gé etí tó ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ló kọ sí ọ̀bẹ, gbogbo ewé ìwé orin ìjọ kan ní Obáníkòro sì tú ká sórí tábìlì. Sátidé ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni ìjọ ọ̀hún fẹ́ fi kọrin ìkórè.

Ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé ní Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù ìdìwé náà wà. Màmá tó ni ín ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa. Àgbàlagbà obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ a máa borí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń kù ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Òórùn gọ́ọ̀mù àti róòbù ni mo fi ń dá a mọ̀ kí n tó rí i. Kò sí òṣìṣẹ́ tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe dáadáa. “Ìwọ yìí, ẹnu ẹ ò dákẹ́ bíi réédíò, àmọ́ iṣẹ́ ẹ gún régé lónìí.” Inú wọn a sì dùn bíi ti ọmọ kékeré.

Ìyá mi ni ẹni tuntun láàárín wọn. Àtìgbà tí a ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan ṣe. Lọ́jọ́ tó gé ẹ̀yìn ìwé yìí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀ kó lè máa lọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mò ń lọ. Mi ò ní bá yín da ṣọ́ọ̀bù rú mọ́.”

“Lọ síbo? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó èyí tó ṣì dáa jọ.” Màmá mú ewé ìwé kan, ó gbé e súnmọ́ ojú. “Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pé, àbí kò pé?”

“Ó pé, mà.”

“Ẹ̀yìn nìkan ló lọ. Ẹ gbé gọ́ọ̀mù wá.”

Ó pe oníbàárà lórí fóònù níṣojú gbogbo wa. “Alàgbà, a ba ẹ̀yìn ìwé yín jẹ́ o, a sì ti ń tún un ṣe. Á dín díẹ̀ ní fífẹ̀, àmọ́ kò ní já mọ́.”

Wọ́n lẹ ìwé náà títí oòrùn fi rọlẹ̀, wọ́n fi aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá tún lẹ̀ kì í dọ́gba létí, dandan ni kí wọ́n tún un gé. Gbogbo ojú yí sí ọkùnrin tó ti pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ náà.

“Ìyàwó, dìde,” ni màmá sọ fún ìyá mi. “Ìwọ lo máa gé e.”

“Èmi kẹ̀? Tí mo bá tún bà á jẹ́ ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé a jọ bà á jẹ́ nìyẹn. Tí mo bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ lónìí, o ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé.”

Màmá wá yí àga rẹ̀, ó kọjú sí títì, ó kẹ́yìn sí ẹ̀rọ.

“Mà, ẹ ò ní wò ó ni?” ni ọkùnrin yẹn bi í.

“Kí ni mo fẹ́ wò? Ó mọ̀ ọ́n gé.”

Ìyá mi fi ìka tọ ẹ̀yìn ìwé lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó to ìwé sábẹ́ ọ̀bẹ. Èmi dijú. Gbàmù! Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lajú, etí ìwé ti dán, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró digbí, ìyá mi sì ń sunkún.

“Ṣé ó ti gé e dáadáa lẹ fi dákẹ́ yẹn?” ni màmá béèrè, kò tíì yíjú padà. Ṣe ni ẹ̀rín sọ.

Nígbà tó yá, ìyá mi di ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́ níbẹ̀. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti kú báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gan-an. Èmi náà ti di ọ̀gá àwọn aránṣọ ní Bàrígà. Bí ẹnì kan bá ba aṣọ jẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń gbé òmíràn lé e lọ́wọ́, màá sì kẹ́yìn sí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ọkàn màmá balẹ̀ lórí àga yẹn ni. Ìgbà tí èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀, tí àyà mi ń já, tí mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn tí mi ò bojú wẹ̀yìn, ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.