Ibi Tí Bẹ́ẹ̀dì Ayọ̀tọ́lá Ń Balẹ̀ Sí

Ìgbẹ́kẹ̀lé ti sanwó ilé tán kí ó tó gbọ́ pé òkú wà nínú rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Yàrá kan ṣoṣo ni, l'Ágége, ṣùgbọ́n ó ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀. Fatimah, ará yàrá kejì, ló wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ iná ìjọba, pé inú yàrá yẹn ni wọ́n sin ìyá lándílọ́ọ̀dù sí kí wọ́n tó sọ ilé di ti ayálégbé.

Sàréè nínú ilé kì í ṣe tuntun fún ọmọ Èkìtì. N'Íkọ̀lé, pálọ̀ ni wọ́n sin bàbá ìyá rẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Àmọ́ ìyẹn, ẹni wọn ni. Èwo ni ti màmá tí kò mọ̀ rí yìí?

Nítorí ọmọ ló ṣe gba ilé ọ̀hún. Láti ìgbà tí ó ti já Ayọ̀tọ́lá lẹ́nu ọmú ni ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà n'Íkọ̀lé, tí Ìgbẹ́kẹ̀lé ń bá wọn di páálí ní ilé iṣẹ́ kan n'Ílúpéjú. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, ìyá àgbà ló ń pè ní Mọ́mì. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó bí i, Àǹtí ló ń pè é. Ó dùn ún wọra. Ìyá àgbà ní òun á yọ̀ǹda ọmọ bí ó bá ti ní ibùsùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá rí oorun sùn l'Ékòó, òun á wá mú un padà.

Wàyí o, àwọn táìsì ilẹ̀ kan wà láàárín yàrá tí àwọ̀ wọn ò bá ti ìyókù mu, wọ́n gùn tó ènìyàn tó nà gbalaja. Ìgbẹ́kẹ̀lé ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ti rí i, ó parí. Ó tan àbẹ́là síbẹ̀, ó wọ́n omi àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó sì pinnu pé ẹsẹ̀ àga kankan ò ní kan ibẹ̀.

Nùréènì káfíńtà l'Ọ́gbà ní kí ó jẹ́ kí òun kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún un. Ìgbẹ́kẹ̀lé ní rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dé àárín yàrá. Wọ́n wá fẹnu kò sí èyí tó ń ká mọ́ ògiri. Bó bá ká sókè, abẹ́ rẹ̀ di àwòrán iwájú ilé aláràbarà, tí ológbò kan ń yọjú lójú fèrèsé. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Nùréènì tún ṣe àpótí ìjókòó bí ìjàpá, tí kékeré ń wọ inú ńlá, àti tábìlì tó ń so mọ́ ògiri. Àga gígùn tó ń ṣí di bẹ́ẹ̀dì ni ti Ìgbẹ́kẹ̀lé fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, àárín yàrá ṣófo.

Ayọ̀tọ́lá dé, ó rí ológbò, ó bú sẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa bẹ́ẹ̀dì náà wálẹ̀ lálaalẹ́, á sì sùn fọnfọn. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti ń jẹun, ó ṣèèṣì pe Ìgbẹ́kẹ̀lé ní Mọ́mì. Obìnrin náà wọ balùwẹ̀ lọ, ó sunkún tẹ́rùn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ìyá Suara, ẹ̀gbọ́n lándílọ́ọ̀dù, wá kanlẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ ṣàdúrà fún ìyá òun. Ayọ̀tọ́lá wà níta, ó ń ṣeré. Ìgbẹ́kẹ̀lé kúnlẹ̀, ó sì nawọ́ sí àárín yàrá.

"Ẹ bọ́ síbí, mà. Mi ò gbé nǹkan kan lé wọn lórí."

Ìyá Suara wo ilẹ̀, ó wò ó lójú. "Páìpù omi ló bẹ́ níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ." Ó rìn kọjá lórí táìsì náà, ó lọ jókòó sílẹ̀ níwájú àwòrán ológbò, ibi tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ń balẹ̀ sí, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ibí ni wọ́n wà."

Ẹ gbọ́ ná, páìpù ló ti ń tanná fún látọjọ́ yìí! Ọ̀rọ̀ náà ì bá pa mí lẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ti ọmọ.

"Ẹni tó gbé níbí ṣáájú rẹ, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ló gbé lé wọn," ni Ìyá Suara wí nígbà tó ń jáde lọ. "Tìẹ ṣì sàn."

Nírọ̀lẹ́, Ìgbẹ́kẹ̀lé ṣí àga rẹ̀. "Wá sùn tì mí lónìí."

"Bẹ́ẹ̀dì mi ńkọ́?"

"Ó ti bàjẹ́."

Ayọ̀tọ́lá lọ fà á wálẹ̀. "Kò bàjẹ́, Àǹtí." Ojú ọmọ ti le.

Kí ni yóò sọ? Bí ó bá sọ òótọ́, oorun tán nìyẹn, ìyá àgbà á sì wọkọ̀ wá. Ó wò títí ọmọ fi gun bẹ́ẹ̀dì, tó bora, tó sì sùn lọ.

Nígbà náà ló kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹnu kan táìsì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ káalẹ́ o. Ẹ má bínú sí wa. Ọmọ yìí ò wúwo rárá."

Pákó dún lókè orí rẹ̀. Ayọ̀tọ́lá ló yí padà. Ìgbẹ́kẹ̀lé fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì náà mú, ó ń gbé e sókè díẹ̀ kí ó lè fúyẹ́ fún màmá, bí ẹni ń bá àgbàlagbà gbé ẹrù.