Orúkọ Tí Gàríbù Kò Pè Níta Rí

Kò sí ọmọ Ìmbábà, àdúgbò wa ní Káírò, tí kò tíì jó sí ohùn Gàríbù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé òun ló ni ín. Ohùn náà wà nínú orin táwọn oníkẹ̀kẹ́ márùwá ń gbé kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Mo kí àwọn ọkùnrin! Mo kí àwọn tí kì í sá!" Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu ara wọn bí ìkòkò tó já láti orí àjà. Èmi ò fẹ́ràn orin náà rárá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọ́n bá ti ń kọjá, mi ò lè rán ojú aṣọ kan kó gún. Síbẹ̀, mo máa ń dúró kí ohùn Gàríbù parí kí n tó bẹ̀rẹ̀ èébú.

Akíni ìgbéyàwó ni Gàríbù. Tí wọ́n bá ta àtíbàbà sójú ọ̀nà, òun ló ń di máìkì mú. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kí òun á nawó, Gàríbù á sì ké orúkọ rẹ̀, á ké ti àdúgbò rẹ̀, á ké ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n pàápàá. Alápatà lásán á wọlé, á jáde bí ọba.

Àfi bí àìsàn ọ̀fun ṣe dé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀mí rẹ̀ kù, ohùn lọ. Tó bá lanu báyìí, ètè ló ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jáde.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Taháni, ìyá ọmọ náà sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì wá tọrọ rẹ̀, èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó. Níbi tí mo ti ń wọn èjìká rẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

"Ìyá Rájábù, gbogbo ayé ni bàbá mi ti kí. Mo fẹ́ kó kí èmi náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

"Ọmọ mi, ohùn dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Fílfíl."

Fílfíl yìí ló gé ohùn Gàríbù nínú kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àtijọ́, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlù, láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí òrùlé ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyẹlé. A gun àtẹ̀gùn lọ bá a.

"Fílfíl, olè ohùn, o wà ńlé?"

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀. Mi ò jalè o. Mo yá a ni."

"Ẹni tó ń yá nǹkan máa ń tọrọ. Ìgbà wo lo tọrọ?"

Ó fọwọ́ họrí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé tíì fún wa. Nígbà tí Taháni ṣàlàyé ohun tó fẹ́, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó kó kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó tan kọ̀m̀pútà. Ó mú "mo kí" láti ibì kan, ó mú "ìyàwó" láti ibòmíràn, ó so wọ́n pọ̀. Mo ń wò ó, inú sì ń bí mi díẹ̀díẹ̀, torí mo rí i pé iṣẹ́ tèmi náà ló ń ṣe: kó gé, kó tò ó, kó rán an, kí ojú ìrán má hàn.

Orúkọ ló dá wa dúró. A tẹ́tí sí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà. Gàríbù kí awakọ̀, ó kí oníbúrẹ́dì, ó kí gbogbo ọmọ àgbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n kò pe Taháni níbì kankan. Báwo ni ì bá ṣe pè é? Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í ké orúkọ ìyá tàbí ọmọbìnrin rẹ̀ níta. "Ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Gàríbù" ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè ìgbéyàwó gan-an. Èmi náà, orúkọ ọmọ mi ni wọ́n fi ń pè mí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì máa ń wù mí í gbọ́.

Fílfíl ṣa orúkọ náà jọ láti ara orúkọ àwọn ọkùnrin mìíràn. Taháni gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Nílé, ó máa ń fà á níparí, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?" Fílfíl bi í.

"Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀."

Títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, a ò sọ ohun tí a ṣe fún Gàríbù. Ohùn rẹ̀ kàn bú jáde ni: "Mo kí Ìmbábà! Mo kí ìyàwó, ọmọ Gàríbù..." Ìlù dúró. Fílfíl fi máìkì sí bàbá náà lọ́wọ́. Gàríbù wo ọmọ rẹ̀ títí. Àwọn ọkùnrin kan ti ń wo ilẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé orúkọ obìnrin ló fẹ́ pè níta. Ó gbé máìkì sẹ́nu, ètè rẹ̀ pe orúkọ náà, ó sì fà á níparí. Afẹ́fẹ́ nìkan ló tú jáde látinú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí gbogbo wa. Taháni fi ìbòrí bojú.

Taháni ti lọ sí Kùwéètì. Fílfíl, tí kì í gbọ́n, ti gé afẹ́fẹ́ yẹn sínú orin tuntun, ó ń tún un ṣe léraléra lábẹ́ ìlù. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ìjì ni, tàbí ẹ̀rọ. Gàríbù máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà de orin náà. Tí kẹ̀kẹ́ bá dé, á nawọ́ sókè kí awakọ̀ rọra kóun lè gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ìyẹn á rò pé ariwo ló ń bí bàbá nínú, á sáré kọjá.

Lánàá, mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró sáàárín ọ̀nà níwájú kẹ̀kẹ́ kan.

"Ìyá, ṣé kò sí o? Ẹ jẹ́ n kọjá."

"Pa ẹnu dé, kí o jẹ́ kó parí."

Ó dúró. Gàríbù ń mi ètè tẹ̀ lé orin náà. Orúkọ tí kò pè níta rí, gbogbo Káírò ló ń bá a gbé e kiri báyìí, èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan la sì gbọ́ ọ.