Ta Ló Fẹ́ Wó Ìsọ̀ Àwọn Ìyá Wa?

Nígbà tí ìbẹ̀rù àrùn kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ekurede-Urhobo, ní Warri. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Mo ti bá ẹgbẹ́ àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀ rí, wọ́n ti tì mí mọ́lé rí, ṣùgbọ́n ìjà tó korò jù fún mi, orí gbólóhùn kan ni a ti jà á.

Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ nídìí òwò ní Warri, ló ra ilẹ̀ etí omi kan ní Ogbe-Ijoh, níbi tí àwọn ìyá Ìlàjẹ ti ń ta ẹja gbígbẹ. Òun náà ló kọ́ gbọ̀ngàn tí à ń lò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kà á sí wa létí nínú ìsìn pé: "A ó tún etí omi ṣe. Àwọn ìsọ̀ kan yóò kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí Sátidé dé, mo kọ gbólóhùn kejì yẹn sójú pátákó. Mo ní, "Ta ni yóò mú ìsọ̀ kúrò?"

Mosún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ níbẹ̀, wò ó títí. "The person no dey inside, sà."

"Àbí ìsọ̀ ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lọ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ pé: *Wọ́n fẹ́ wó ìsọ̀ àwọn ìyá wa.* Mo sọ fún wọn pé "wó" sàn ju "kúrò" lọ, nítorí èèyàn á gbọ́ ìró pákó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni "wọ́n"? Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: *Adérẹ̀mí ló fẹ́ wó ìsọ̀ àwọn ìyá wa.* Mo ṣàlàyé pé bí orúkọ bá ti síwájú, tí "ló" sì tẹ̀ lé e, olúwarẹ̀ ò ríbi sá sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alàgbà Fọlárìn, akọ̀wé ìjọ. Ó wá bá mi nínú gbọ̀ngàn.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ ní kí wọ́n kọ 'àwọn kan'."

"Àwọn kan kọ́ ló ra ilẹ̀, sà."

"Ilé tó kọ́ lẹ wà yìí o."

"Mo mọ̀."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ mi. Àgbàlá ìyá Mosún ni a ti wá kọ gbólóhùn náà sára páálí. Àwọn ọmọ fi Pijin tì í lábẹ́: *Na Adérẹ̀mí wan break our mama shop.* Mo rí i pé "na" wọn ń ṣe iṣẹ́ "ló" wa gẹ́lẹ́.

A wọ́ lọ sétí omi. Adérẹ̀mí fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù.

"Ta ló kọ́ ẹ ní irú Yorùbá yìí?"

Mosún kúnlẹ̀ kí i ná. "Ṣé irọ́ ló wà níbẹ̀ ni, sà?"

"Ẹ̀rọ katakata ni yóò wó o. Kì í ṣe èmi."

"Ta ló pe katakata, sà?"

Adérẹ̀mí yíjú sí àwọn géńdé tó kó wá. Wọ́n já páálí gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n fa igi tí a kàn mọ́ páálí yọ. Ìyá Mosún na ọwọ́ láti bo ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fi igi ṣẹ́ ọwọ́ náà. Adérẹ̀mí dúró, ó ń wò ó. N kò tíì dárí jì í.

Kò pẹ́ tí katakata fi dé, tó wó ìlà ìsọ̀ tó kọjú sómi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Pijin yẹn ti gba ẹnu àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, ó ti dé Main Market. Àwọn tó fẹ́ bá Adérẹ̀mí dòwò pọ̀ sá, wọn ò fẹ́ kí orúkọ wọn tẹ̀ lé tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró. Ìlà kejì ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ohun tí a jèrè nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé kú ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ò ka Yorùbá mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìjà náà, Alàgbà Fọlárìn dúró níwájú ìjọ, ó kà pé: "Ìjà bẹ́ sílẹ̀ létí omi, ọwọ́ ìyá kan sì kán." Títí di òní, ìjọ ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá Mosún ò sì lè fi ọwọ́ yẹn gbé àwo ẹja. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ bá mi tún gbólóhùn wọn kọ.